Àjọṣepọ̀ Àwọn Yunifásítì Lórí Ìlera Ènìyàn, Ẹran àti Àyíká

Ní ọdún 2010, ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rìnlá ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Áfíríkà fìmọ̀ ṣọ̀kan láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè náà ni Ùgáńdà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Rùwáńdà, Ẹtiópíà, àti Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa. Méje nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera àwùjọ, méje yòókù sì ń kọ́ àwọn oníṣègùn ẹran. Ìlú Kampala ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́. OHCEA ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é; nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bíi Kamẹrúùnù àti Sẹ̀nẹ̀gà sì ti wọlé sí i, wọ́n yí orúkọ náà padà sí AFROHUN. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yìí gbà ṣe kò ṣòro láti fi ẹnu sọ: kí ẹni tí yóò di dókítà, ẹni tí yóò di oníṣègùn ẹran, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ igbó, omi àti ilẹ̀, lè kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní akẹ́kọ̀ọ́. One Health ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. A lè pè é ní Ìlera Kan, nítorí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé ìlera ènìyàn, ìlera ẹran àti ìlera ibi tí àwọn méjèèjì ń gbé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè ni ìdí rẹ̀ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi tọ́. Dókítà ti wà, oníṣègùn ẹran ti wà, olùṣọ́ igbó ti wà; àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kò sì fi iṣẹ́ wọn ṣeré. Àléébù náà kò sí nínú ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ̀. Inú àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni ó wà, ibà kan tí ó ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà jáde ni ó sì fi í hàn kedere ju bí àlàyé ẹnu lásán ti lè fi í hàn lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn ọmọ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀lọpọ̀ ní oko kan ní ẹ̀bá adágún Naivasha, nínú àfonífojì ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní Rift Valley. Àwọn abo àgùntàn ń sọ oyún nù, ibà sì ń ṣe àwọn tí ó ń tọ́jú wọn. Oníṣègùn ẹran méjì, Daubney àti Hudson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ìjọba ní Kabete, àti dókítà kan tí ń jẹ́ Garnham, ni wọ́n pawọ́ pọ̀ wá ìdí rẹ̀, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1931. Láti ìgbà náà ni a ti mọ àrùn yìí sí Ibà Àfonífojì Rift.

Ọ̀nà tí ibà yìí ń gbà rìn jinlẹ̀ púpọ̀. Kòkòrò àìlèfojúrí tí ó ń fà á a máa sùn nínú ẹyin irú ẹ̀fọn kan tí ń yé sí etí kòtò àti sí ilẹ̀ àbàtà. Bí ọ̀dá bá dá, ilẹ̀ a gbẹ, ẹyin náà a sì wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Ọdún tí òjò bá wá rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí omi kún kòtò tí kò sì tètè fà, ni ẹyin náà yóò pa, tí ẹ̀fọn yóò sì jáde ti òun ti àrùn. Àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù àti ràkúnmí ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ. Ọmọ ẹran a máa kú bí ẹni gbọn èso, abo tí ó lóyún a sì máa sọ oyún nù, nígbà mìíràn kí ó kárí gbogbo agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni àrùn ń kọjá sí ara ènìyàn: ẹni tí ó gbẹ̀bí ẹran, ẹni tí ó dúńbú u, ẹni tí ó bó awọ rẹ̀, àti ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ibà lásán ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn a sì yá. Ṣùgbọ́n nínú àwọn díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn láti imú àti ẹnu, ikú kì í sì í jìnnà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá pín àrùn yìí gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ti pín ẹ̀kọ́. Òjò jẹ́ ti onímọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ̀fọn jẹ́ ti onímọ̀ kòkòrò. Oyún ewúrẹ́ tí ó wálẹ̀ jẹ́ ti oníṣègùn ẹran, ènìyàn tí ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti dókítà, ọjà ẹran tí ìjọba yóò tì pa sì jẹ́ ti onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé. Ibà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ilé márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e sí, olúkúlùkù wọn sì ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ìpín tirẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2006, òjò rọ̀ ní àríwá-ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Àwọn onímọ̀ tí ń fi sátẹ́láìtì wo bí òkun ti ń gbóná àti bí ewéko ti ń hù ti kìlọ̀ ṣáájú pé ibà náà lè bẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó di oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń kú ní agbègbè Garissa, kí yàrá àyẹ̀wò tó jẹ́rìí sí i pé òun ni. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta ọdún 2007, ènìyàn 684 ni a ti kà pé ó ní àrùn náà ní Kẹ́ńyà, 155 nínú wọn sì ti kú.

Lẹ́yìn tí ìjà náà rọlẹ̀, àwọn olùwádìí lọ bá àwọn darandaran Sòmálì ní agbègbè náà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ìdáhùn àwọn darandaran yìí ni ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kà. Wọ́n ní orúkọ fún àrùn náà ní èdè wọn: sandik, èyí tí í ṣe imú ẹlẹ́jẹ̀. Wọ́n rántí pé lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀ kí ẹ̀fọn tó bo ilẹ̀. Ó tún tó ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ kí ẹran àkọ́kọ́ tó ṣàìsàn. Ó sì tún tó ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ kí ènìyàn àkọ́kọ́ tó dùbúlẹ̀. Àwọn oníṣègùn ẹran ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn títí ó fi tó nǹkan bí oṣù méjì tí ẹran ti ń kú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ìwé kà ti rí àrùn náà lára ewúrẹ́ rẹ̀ nígbà tí ilé ìwòsàn kò tíì gbọ́ ohunkóhun. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé gbogbo ènìyàn 155 náà ni ìbá là. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ó tó láti kéde kí a má dúńbú ẹran tí ń ṣàìsàn, kí a má fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí ewúrẹ́, kí àwọn ènìyàn sì máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ní ọdún 1930, nígbà tí yunifásítì kò tíì sí ní Kẹ́ńyà, àwọn oníṣègùn ẹran àti dókítà jọ ṣiṣẹ́ lórí ibà kan náà yìí. Bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i ni ìpínyà ń pọ̀ sí i. Ìpínyà náà ní èrè tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè mọ ohun gbogbo tán, ẹni tí yóò sì fi abẹ gé ọkàn ènìyàn kò gbọdọ̀ máa ronú nípa ewúrẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan rí ewu rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Calvin Schwabe, oníṣègùn ẹran ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé ńlá kan ní ọdún 1964 lórí ìṣègùn ẹran àti ìlera ènìyàn, ti wà láàrin àwọn Dinka ní ilẹ̀ Sùdáànù, ó sì rí i pé ẹni tí ń wo màlúù sàn láàrin wọn náà ni ó ń wo ènìyàn. Ohun tí ó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ó máa kéde pé ìṣègùn kan ṣoṣo ni ó wà. Onílé ìwé ni ó la ilé sí méjì. Agbo ẹran kò mọ̀ ọ́n ní méjì rí.

Báwo ni ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì yìí ṣe wá ń tún un so pọ̀? Wọn kò da ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan rú, wọn kò sì dá oyè tuntun sílẹ̀ tí yóò sọ dókítà di oníṣègùn ẹran. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka jọ sí ẹgbẹ́ kékeré, dókítà ọ̀la, nọ́ọ̀sì ọ̀la, oníṣègùn ẹran, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àyíká, àti ti ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n sì ń rán wọn lọ gbé ní ìgbèríko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, pàápàá ní Makerere ní Kampala, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa pàdé láàrin ọdún.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí Makerere ń lò fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni agbègbè ọgbà ẹranko Queen Elizabeth ní ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn abúlé apẹja wà nínú ọgbà náà gan-an; màlúù ń jẹko nítòsí ibi tí ẹfọ̀n ti ń jẹko, erinmi sì ń ti inú omi jáde wá sí ẹ̀yìnkùlé ní òru. Ní ọdún 2004, àrùn áńtíráàsì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa erinmi tí ó ju 200 lọ. Èso àrùn yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tún jí bí ẹran bá jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Ènìyàn sì lè kó o bí ó bá bó ẹran tí àrùn náà pa tàbí bí ó bá jẹ ẹ́.

Fi ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sí irú ibẹ̀, kí o sì gbọ́ bí wọn yóò ti sọ̀rọ̀. Oníṣègùn ẹran yóò ní kí a sun òkú ẹran tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Dókítà yóò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní wúlò, àfi bí ẹnìkan nínú wọn bá béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń jẹ òkú ẹran. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí ó ní màlúù mẹ́ta, tí ọ̀kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ti pàdánù owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ nìyẹn; bí ó bá ta ẹran náà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ó lè rí díẹ̀ gbà padà. Ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé dókítà, kò sì sí nínú ìwé oníṣègùn ẹran. Ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ ni ó ti sábà máa ń jáde, àwọn tí ó kù a sì máa wò ó bí ẹni tí ń fi àkókò wọn ṣòfò, títí wọn yóò fi jókòó ti ìyá arúgbó kan tí yóò ṣe àlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: gbogbo ènìyàn ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba oyè dókítà kì í fẹ́ gbà pé kèrègbè kan wà tí ọwọ́ òun kò wọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí wọ́n pàdé kí oyè tó dé.

Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ mìíràn tí ó fara jọ ti Kampala dìde ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà, SEAOHUN ni orúkọ rẹ̀. Tháílàńdì, Màlésíà, Indonéṣíà àti Fíẹ́tínáàmù ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Màlésíà kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998 ni àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí ìlú Ipoh ti ń ní ibà àti ẹ̀fọ́rí, tí ọpọlọ wọn ń wú, tí wọ́n sì ń sùn lọ láìjí mọ́. Wọ́n rò pé àrùn ọpọlọ kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni. Wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn, wọ́n gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò sì dáwọ́ dúró. Àmì sì wà níwájú gbogbo ènìyàn. Àrùn ẹlẹ́fọn yẹn a máa mú ọmọdé jù, ṣùgbọ́n àgbà ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni èyí ń pa. Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wọn, tí wọn kì í fi ọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀, ń gbé ní àdúgbò kan náà, ẹ̀fọn kan náà ni ó ń jẹ wọ́n, ara wọn sì le. Ẹlẹ́dẹ̀ fúnra wọn ń wúkọ́ tí a fi ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ó di oṣù Kẹta ọdún 1999 kí Chua Kaw Bing ní Yunifásítì Màláyà tó rí i pé kòkòrò tuntun ni, èyí tí a fi orúkọ abúlé Sungai Nipah pè. Ara àdán ni ó ti wá: igi eléso wà lẹ́bàá ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, àdán ń jẹ èso lórí rẹ̀, àjẹkù a sì jábọ́ sí iwájú ẹlẹ́dẹ̀. Ènìyàn 265 ni ó kó o ní Màlésíà, 105 kú, ìjọba sì pa ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kí iná náà tó kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 tí a sì fi orúkọ ìlú kan ní Bọ̀rnó pè, ti di ohun tí a ń bá jà lọ́dọọdún ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀. Ní ọdún 2018 nìkan, ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in ní Nàìjíríà. Dókítà ní ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú ẹni tí ó dùbúlẹ̀, ó sì ń ṣe é tọkàntara, ṣùgbọ́n eku ni ó gbé àrùn náà wọlé. Ta ni ó mọ ìdí tí eku fi sá kúrò nínú oko wá sínú ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ta ni ó mọ bí a ti ń sá gàrí sí ẹ̀bá títì, àti ìdí tí ẹni tí ń sá a kò fi ní ibòmíràn? Àgbẹ̀ mọ díẹ̀, onímọ̀ ẹranko mọ díẹ̀, ìyá elégàrí mọ díẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí ó dá ẹgbẹ́ ti Kampala sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2008 ni ètò kan ti wà níbí tí ń kọ́ dókítà, oníṣègùn ẹran àti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò pọ̀ ní bí a ti ń tọpa àrùn, tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Àmọ́dù Béllò ní Sàríà sì ń kópa nínú rẹ̀. Ètò tí ó dára ni. Àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà náà ni igi ti gbẹ, tí títẹ̀ rẹ̀ ti di iṣẹ́. Ti Kampala ń gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ ní tútù.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kù, òun ni kò sì dùn ún sọ. USAID, ilé-iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ni ó gbé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ró láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ètò tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, lẹ́yìn tí àrùn adìyẹ ti dẹ́rù ba gbogbo ayé. Yunifásítì Minnesota àti Tufts, àti lẹ́yìn wọn ti California ní Davis, ni ó sì bá wọn ṣe é. Ẹ̀rù pé àrùn lè la òkun kọjá ni ó tú owó náà sílẹ̀ ju àánú ewúrẹ́ darandaran lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, iṣẹ́ USAID parí.

Ohun tí ó ṣeé gbà lọ́wọ́ àwọn yunifásítì náà nípa bẹ́ẹ̀ ni owó. Ohun tí kò ṣeé gbà ni ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ètò ẹ̀kọ́ tiwọn. Níbi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìlera Kan bá ti wọ inú ohun tí a ń ṣe ìdánwò lé lórí, tí máàkì rẹ̀ sì ń kà fún oyè, olùkọ́ yóò máa kọ́ ọ bí àlejò tilẹ̀ lọ. Níbi tí ó bá jẹ́ ìpàdé ọ̀sẹ̀ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú owó ìjókòó, yóò bá owó náà lọ. Iṣẹ́ tí ń dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oyè náà kò kéré, nítorí ilé iṣẹ́ ìjọba fún ìlera àti èyí tí ó wà fún ẹran ọ̀sìn ṣì jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ibi púpọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2012 ni Kẹ́ńyà ti ní ọ́fíìsì kan tí ilé iṣẹ́ méjèèjì jọ dá sílẹ̀ fún àwọn àrùn tí ń ti ara ẹran wọ ara ènìyàn. Dókítà kan àti oníṣègùn ẹran kan ni wọ́n fi síbẹ̀ pé kí wọ́n jọ máa ka ìròyìn tí ó bá ti ìgbèríko wá, ìbáà jẹ́ ti ènìyàn tí ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ti ewúrẹ́ tí ó sọ oyún nù.